Ẹ̀gbọ́n Ni Kí O Mú

Orúkọ méjì ni Tàíbátù kì í pè nínú ilé rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti ọkọ rẹ̀, nítorí pé ìyàwó tí wọ́n kọ́ nílé kì í la orúkọ ọkọ mọ́lẹ̀. "Bàbá Mọ́nsúrù" ló ń pè é láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti jọ ń gbé ní Lapaz, ládùúgbò kan ní Accra. Èkejì ni ti Afua, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ti ọ̀wọ̀ rárá. "Ìwọ" ló ń pè é. Bí àlejò bá wà ní pálọ̀, á ní "ọmọ tí Mọ́nsúrù gbé wálé".

Ẹ má bi mí léèrè pé kí ni Afua ṣe fún un. Kò ṣe nǹkan kan. Ọmọ Ashanti ni, Mọ́nsúrù rí i, ó fẹ́ ẹ, ọmọbìnrin náà sì gba ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀. Ó kọ́ Yorùbá láàárín ọdún mẹ́ta, ó kọ́ ọ débi pé àwàdà tí wọ́n bá fi í ṣe gan-an ń yé e. Ìyẹn ló sì wá ń dun Tàíbátù jù. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tó lè sọ nípa ọmọ náà mọ́ tí kò ní gbọ́.

Iṣẹ́ ọnà ni Tàíbátù ń ṣe. Ó ní ẹ̀rọ ńlá olórí mẹ́rin tó ń fi òwú ya ọnà sí ọrùn agbádá àti àyà káfútáànì. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó mọ ohun tí yóò yà, Tàíbátù fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà á lórí kọ̀ǹpútà, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ méjì gbáko fún ọrùn kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kún tipẹ́. Nítorí náà, gbogbo ọnà tó ti fà láti ọdún mẹ́tàdínlógún, inú àpótí dúdú kékeré kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n wà. Dísìkì méjì ló wà nínú àpótí náà. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, pé bí ọ̀kan bá kú, kí èkejì wà níbẹ̀.

Bàbá Mọ́nsúrù ló rà á. Ìbejì ni ọkùnrin náà, ó sì fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Ọjọ́ tó gbé àpótí náà dé, ó gé bébà wẹ́wẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn dísìkì méjèèjì lára: ó kọ Táíyé sí ti òkè, orúkọ èkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ bí, tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì kọ Kẹ́hìndé sí ti ìsàlẹ̀, orúkọ tara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Tàíbátù náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí bébà yẹn yóò bá òun jà.

Ìjà tó wà nílẹ̀ kí ìyẹn tó dé ni ti Abọ́dúndé. Ọmọ iṣẹ́ Tàíbátù ni Abọ́dúndé, ọdún mẹ́fà ló lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún yìí, ó dágbére wẹ́rẹ́, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òdìkejì títì, ó sì gbé Àgùàlà kọ́ sínú gíláàsì. Àgùàlà o! Ọnà tí Tàíbátù fà lọ́dún tó kọjá, tó fi oṣù méjì fà: ìràwọ̀ ńlá kan lábẹ́ ọrùn, apá rẹ̀ mẹ́fà nà títí dé èjìká. Ojú kò ti Abọ́dúndé. Nígbà tí Tàíbátù kọjá lọ bá a pé kó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní òun lòun fà á, pé ìyá ló jí i lọ́wọ́ òun, pé ìyá ti darúgbó, kò lè fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Èmi ni mo darúgbó?" Tàíbátù ń bi gbogbo ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé èmi ni mo darúgbó?"

Ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà. Alhaji Abdulqoyum, olórí ẹgbẹ́, ní kí àwọn méjèèjì wá sílé òun ní Adabraka lọ́jọ́ Sátidé, kí olúkúlùkù mú ìlà tó kọ́kọ́ fà wá, àti ọjọ́ tó fà á. Ẹni tí kò bá rí nǹkan mú wá kò gbọ́dọ̀ ya Àgùàlà mọ́ láé, wọn yóò sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ pé olè ni. Inú Tàíbátù dùn. Àwọn ìlà rẹ̀ wà nínú àpótí, gbogbo wọn, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, láti orí èyí tó kọ́kọ́ fà tí kò dára dé èyí tó kẹ́yìn. Ibo ni Abọ́dúndé yóò ti rí irú ẹ̀?

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, iná lọ. Ẹ mọ bí iná ṣe ń lọ ní Accra. Nígbà tó padà dé, ó dé tìbínú-tìbínú, gílóòbù méjì bú nínú ilé, fíríìjì pariwo, àpótí dúdú sì kú fin-ín-fin-ín.

Mọ́nsúrù wà ní Tamale níbi iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Mọ́nsúrù ń lọ sí Ìbàdàn lórí ọ̀rọ̀ ilé bàbá rẹ̀, òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló sì wọkọ̀. Ta ló wá kù tó mọ nǹkan yìí ṣe? Afua ni. Yàrá kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kan ní Adabraka ló ti ń ṣiṣẹ́, irú àpótí yìí ló sì ń bójú tó lójoojúmọ́. Bí Tàíbátù ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá a nìyí: ó gbé àpótí náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ, ó ní, "Ìwọ. Wọ́n ní o mọ̀ ọ́n ṣe." Ó yíjú padà, ó lọ.

Afua gba àyè níbi iṣẹ́. Ó ra wáyà agbára tuntun ní ọjà Circle, ó kì í bọ àpótí náà nídìí ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, iná pupa kan sì ń ṣẹ́jú. Tàíbátù fa àga kan wá, ó jókòó tì í pẹ́kípẹ́kí, ó ká apá mọ́ àyà.

"Ṣé ó ti kú tán ni, àbí ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa á?"

"Kò kú, Mama. Wáyà rẹ̀ nìkan ló jó." Afua kò gbójú sókè kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo fẹ́ da gbogbo ohun tó wà nínú àwọn méjèèjì kọ sórí dísìkì tèmi. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, a óò ríbi padà sí."

Tàíbátù tú apá ká.

"Sórí kí ni?"

"Dísìkì tèmi. Ó wà nínú báàgì mi."

"Kí o wá gbé e lọ fún ta? Ọ̀nà tí Abọ́dúndé náà gbà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn! 'Ẹ jẹ́ n dà á kọ, ìyá, kó má baà sọnù.' Ó dà á kọ, ṣé o rí ibi tó dà á sí? Ó wà nínú gíláàsì lódìkejì títì! Kò sí dídà kankan nínú ilé yìí mọ́."

"Mama, ẹ lè tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù yín. Kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ yín."

"Mo ní kò sí dídà. Tún un ṣe kí o dìde níbẹ̀."

Afua mí kanlẹ̀. Ó tẹ kọ̀ǹpútà síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó wá dúró. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí ìyá ọkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé kò ní wò ó.

"Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn mu. Ọ̀kan ti ṣíwọ́ iṣẹ́ tipẹ́, ohun àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Àpótí ń bi mí pé èwo ni kí òun tẹ̀ lé. Èyí tí mo bá mú, ohun inú rẹ̀ ni yóò bo ti èkejì mọ́lẹ̀, kò sì ní í ṣeé hú jáde mọ́."

"Ṣí wọn wò, ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?"

"Kò gbà kí n ṣí wọn àfi tí mo bá yàn. Dídà tí ẹ ní kí n má dà yẹn ni mi ò bá fi wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe Daddy. Wọ́n á mọ̀."

Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ yìí dun Tàíbátù, nítorí pé kò rí ibi tó ti lè bẹnu àtẹ́ lù ú. Ó gbé fóònù, ó dìde, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ìsáṣọ. Kò fẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ bí ọkọ òun ṣe ń bá òun sọ̀rọ̀.

Bàbá Mọ́nsúrù ti dé Aflao, ariwo ẹnubodè kún etí rẹ̀. "Háà, èmi ni mo jẹ̀bi," ó ní. "Táíyé ló bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, mo bá tú u sílẹ̀, mo gbàgbé. Ìjẹta, lẹ́yìn tí àpótí kú, ni mo tún kì í padà. Iṣẹ́ àtijọ́ ló wà nínú ẹ̀. Kẹ́hìndé ni gbogbo nǹkan wà. Kẹ́hìndé ni kó mú, kó fi bo Táíyé. Gbé fóònù fún ọmọ yẹn, kí n sọ fún un fúnra mi."

"Kí lẹ fẹ́ sọ fún un tí èmi ò lè sọ?"

"Tàíbátù, gbé fóònù fún un. Láìpẹ́ líìnì yìí á..."

Líìnì já. Ó ti wọ Togo. Tàíbátù pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, obìnrin inú ẹ̀rọ ló ń dá a lóhùn.

Ó wọlé padà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣí ẹnu láti sọ ọ́, orúkọ náà sì wà níbẹ̀ lórí ahọ́n rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni kò fi pè é. Kò pè é nígbà tó ń rọbí, nígbà tí gbogbo obìnrin ń pariwo orúkọ tó bá wù wọ́n. Ṣé iwájú ọmọbìnrin tó ń pe ọkọ tirẹ̀ ní "Mọ́n" gbalasa bí ẹni ń pe ajá ni yóò ti wá la orúkọ ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀? Ká má rí i. Ó gbé e mì.

"Ó ní ẹ̀gbọ́n ni kí o mú," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n ni kí o fi bo àbúrò."

Afua wo bébà tó wà lára àwọn dísìkì náà. "Ẹ̀gbọ́n. Mama, nínú Táíyé àti Kẹ́hìndé, èwo ni..."

"Ẹ̀ẹ̀!" Tàíbátù pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá gbọ́! Ọdún mẹ́ta lo ti jókòó sínú ilé Yorùbá, o bímọ fún Yorùbá, o ń bi mí pé èwo ni ẹ̀gbọ́n nínú ìbejì? Ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n! Àwọn tó ń ta kenkey níta mọ̀ ọ́n! Kí ni wọ́n kọ́ ọ ní ilé yín?"

Ojú Afua pa dé. Nígbà tí wọ́n bá bú ilé wọn báyìí, kì í fèsì, ẹnu rẹ̀ nìkan ló máa ń tín-ín-rín.

"Mo mọ̀ ọ́n," ó ní.

"Ó dáa nígbà yẹn. Mú un."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n! Ṣé kí n fi orin kọ ọ́ fún ọ ni?"

Afua tẹ̀ ẹ́. Ó ní yóò gba wákàtí mẹ́rin.

Tàíbátù kò lè dúró wò ó. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà gan-an, ó kọjú sí òdìkejì títì. Abọ́dúndé ń nu gíláàsì rẹ̀.

"Nù ún dáadáa o!" Tàíbátù kígbe kọjá àwọn ọkọ̀. "Nù ún kó mọ́! Sátidé lo máa tú u kalẹ̀!"

Abọ́dúndé juwọ́ sí i pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò ní ìtìjú lójú, mo ti sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Tàíbátù padà délé, oòrùn ṣì wà, iná méjèèjì tó wà níwájú àpótí sì ti di aláwọ̀ ewé. Wọn kò ṣẹ́jú mọ́. Afua ti gbé ọmọ rẹ̀, Fáòsíà, sórí itan, ó ń fún un ní ẹ̀kọ. Ó kù díẹ̀ kí Tàíbátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọpẹ́ ti dé ọ̀nà ọ̀fun. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ṣí àpótí náà, ó rí àwọn ọnà rẹ̀ bí wọ́n ṣe tò sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ó wá Àgùàlà. Kò sí. Ó tún wá a. Ó wo ọjọ́ tó wà lára èyí tó kẹ́yìn nínú gbogbo wọn, oṣù kẹta ni, oṣù kẹta ọdún tó kọjá. Oṣù keje ló bẹ̀rẹ̀ sí í fa Àgùàlà.

Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ dé ibi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì ẹlẹ́wà, waakye.

"O ti pa mí! O pa mí! Ìwọ ọmọ yìí, o pa mí tán!" Ó ti dìde, àga ti ṣubú. "Mo ti mọ̀! Èló ni Abọ́dúndé fún ọ? Sọ fún mi, èló ló fún ọ? Mo ní ẹ̀gbọ́n! Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, mo ní ẹ̀gbọ́n ni kí o mú!"

"Ẹ̀gbọ́n ni mo mú!"

"Irọ́ lo pa!"

"Ẹ̀gbọ́n ni mo mú!" Afua náà ti dìde, ọmọ ti bú sẹ́kún. Ó na ìka sí bébà òkè. "Táíyé! Òun ló kọ́kọ́ wáyé! Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ni àgbà! Ìbejì ni ìyá mi. Òun ló kọ́kọ́ jáde, Panyin ni wọ́n ń pè é, ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Èkejì rẹ̀ ni Kakra, kékeré nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ilé wa, bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ àwọn Ga, bẹ́ẹ̀ ló rí ní gbogbo Accra yìí! Kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ kí n mọ̀?"

Tàíbátù tẹjú mọ́ bébà náà.

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló rán Táíyé pé kó lọ tọ́ ayé wò fún òun, pé àbúrò là ń rán níṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ló ń rán an. Láti kékeré ni Tàíbátù ti mọ̀ ọ́n. Kò tilẹ̀ rántí ẹni tó sọ ọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò wá sí i lọ́kàn rí pé ẹnìkan wà láyé tó ń ka ìbejì lọ́nà mìíràn. Ọmọ yìí sì bi í léèrè. Ó bi í lẹ́ẹ̀mejì.

"Orúkọ kan ṣoṣo," Afua ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ìyẹn sì burú ju igbe lọ. "Ó kọ ọ́ sára wọn. Ẹ ò bá kàn pe orúkọ tó wà lára ẹ̀. Kí ló ṣe yín tí ẹ ò pè é?"

Kí ni kó sọ? Kó ní orúkọ ọkọ òun ni? Ọdún mẹ́tàdínlógún kọ́ ni ó sọnù, ọdún kan péré ni, ṣùgbọ́n inú ọdún kan yẹn ni orúkọ rẹ̀ wà. Ọ̀túnla ni Sátidé. Ó rí ara rẹ̀ níwájú Alhaji Abdulqoyum pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ó rí Abọ́dúndé tó ń rẹ́rìn-ín.

Afua ti wọ yàrá. Ó ń kó aṣọ ọmọ sínú báàgì, ẹ gbọ́ bí dúrọ́ọ̀ ṣe ń gbá. "Mo ń lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ashaiman. Bí Mọ́nsúrù bá dé láti Tamale, kó wá bá mi níbẹ̀. Olè, ọ̀dájú, ọmọ tí wọ́n gbé wálé, mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó tó." Ó jáde pẹ̀lú aṣọ funfun kan lọ́wọ́, ó fún un pọ̀, ó jù ú lu Tàíbátù láyà. "Ẹ gba ẹ̀bùn yín! Mi ò fẹ́ ẹ mọ́!"

Aṣọ náà já bọ́ sórí tábìlì. Ó tú.

"Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Fáòsíà ni," Afua ní. "Alfa ní kí ìyá bàbá mú aṣọ ìbora wá fún ọmọ. Ẹ lọ sídìí apẹ̀rẹ̀ àkísà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fa èyí yọ, ẹ fi bo ọmọ mi níwájú gbogbo èrò. Ìyá mi bi mí pé ṣé bí àwọn Alata, ẹ̀yin Yorùbá, ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àṣà wọn ni. Mo pa irọ́ fún ìyá tó bí mi kí ojú má baà tì yín!"

Ṣùgbọ́n Tàíbátù kò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn. Aṣọ náà ló ń wò. Aṣọ ìdánwò ni. Kí ó tó ya ọnà tuntun sára aṣọ oníbàárà, orí irú aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ yà á wò, lẹ́yìn náà yóò sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ kí wọ́n máa fi nu òróró ẹ̀rọ. Ìràwọ̀ kan wà láàárín rẹ̀. Apá márùn-ún jẹ́ aláwọ̀ ewé, ẹ̀kẹfà jẹ́ búlúù, nítorí pé òwú ewé tán lọ́jọ́ náà, kò sì lè dúró de òmíràn. Ní etí aṣọ náà, nọ́ńbà àwọn òwú wà níbẹ̀ pẹ̀lú bírò, bó ṣe máa ń kọ ọ́ sára gbogbo aṣọ ìdánwò rẹ̀, àti ọjọ́ tó yà á: ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án.

Àgùàlà ni. Àkọ́kọ́ nínú gbogbo Àgùàlà tí ẹ̀rọ yà láyé. Abọ́dúndé sì wà níbi ìsọmọlórúkọ yẹn, ó jẹ ẹran àgbò àwo mẹ́ta.

"Fọ́tò," Tàíbátù ní. "Ẹ ya fọ́tò lọ́jọ́ náà. Ìwọ, ṣé fọ́tò rẹ̀ ṣì wà?"

Afua gbé ọmọ pọ̀n. "Kò sí ẹni tó ń jẹ́ 'ìwọ' nínú ilé yìí."

"Mo ní fọ́tò..."

"Mo ní orúkọ, Mama. Ọdún mẹ́ta nìyí."

Wọ́n wo ara wọn. Ní ìta, ọmọ kan ń ta omi tútù kọjá, ó ń pariwo. Ó kọjá tán kí Tàíbátù tó lè ya ètè.

"Afua," ó ní. Ó jáde bí ẹ̀gún ẹja. "Ṣé fọ́tò wà?"

"Ó wà." Afua na ọwọ́, ó gba aṣọ náà padà kúrò níwájú rẹ̀, ó ká a. "Màá wá lọ́jọ́ Sátidé. Màá gbé ọmọ wá, màá gbé fọ́tò wá. Ṣùgbọ́n ẹnu yín lẹ máa fi sọ bí aṣọ yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Gbogbo rẹ̀. Mi ò ní bá yín pa irọ́ kankan mọ́."

Ó lọ sí Ashaiman nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bó ṣe sọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, èèyàn kún pálọ̀ Alhaji Abdulqoyum dé ẹnu ilẹ̀kùn. Abọ́dúndé mú bébà mẹ́ta wá tó fi pẹ́ńsù fà, tí inki ọjọ́ tó kọ sí i fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì gbẹ. Wọ́n yíjú sí Tàíbátù. Ó wo ẹ̀yìn. Afua jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Fáòsíà lórí itan rẹ̀, kò sì mi orí, kò ṣẹ́jú. Tàíbátù gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú Alhaji.

Alhaji gbé e, ó wò ó síwá sẹ́yìn. "Kí ni èyí?"

"Aṣọ ìdánwò ni, Alhaji. Àkísà ni."

"Ibo ló ti wá?"

"Mo fi bo ọmọ ọmọ mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀."

Alhaji bọ́ awò ojú rẹ̀. "Tàíbátù, ìwọ lo fi àkísà bo ọmọ ọmọ rẹ lórí?"

"Èmi ni."

"Nítorí pé kò sí aṣọ mìíràn nílé?"

"Aṣọ wà." Ó wo ilẹ̀. "Mi ò fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ni. Mo fẹ́ kó mọ̀."

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn pòṣé, ó sì dún dáadáa. Ẹnìkan ní, "Háà!"

"Ta ni ìyá rẹ̀?" Alhaji béèrè.

"Afua ni. Afua tó jókòó yẹn."

"Àwọn ìlà tí o fà sórí kọ̀ǹpútà ńkọ́? Mo ní kí o mú wọn wá."

Ibí ló ti lè sọ ọ́ pé Afua ló bà á jẹ́. Gbogbo ilé ni yóò gbà á gbọ́, ọmọ Ashanti, kí ló mọ̀. Ó wo Afua. Afua ń wo ẹnu rẹ̀.

"Mo pa wọ́n rẹ́," Tàíbátù ní. "Ọkọ mi ní kí n sọ fún Afua pé Kẹ́hìndé ni kó mú. Mi ò lè pe Kẹ́hìndé. Ó bi mí, mo bú u. Ó sì mú èyí tí kò yẹ."

Àwọn àgbà obìnrin fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pè é lẹ́ẹ̀mejì níwájú gbogbo ẹgbẹ́, orúkọ ọkọ rẹ̀.

Abọ́dúndé gbìyànjú. Ó ní ẹnikẹ́ni lè kọ ọjọ́ tó bá wù ú sára àkísà. Afua dìde, ó gbé fóònù rẹ̀ fún Alhaji. Fọ́tò náà hàn kedere: Fáòsíà ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé lórí rẹ̀, apá kan búlúù, ọjọ́ tí wọ́n yà á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó dúró lẹ́yìn ọmọ náà gan-an, tó mú àwo ẹran dání, tó fẹnu jẹun, tó fojú wo ìràwọ̀ náà, Abọ́dúndé ni. Wọ́n gbé e yípo. Nígbà tó dé ọwọ́ Abọ́dúndé, ó wò ó, ó dá a padà, ó sì kó bébà mẹ́ta rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Alhaji ní kó tú gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

"Tàíbátù, lọ máa ya Àgùàlà rẹ," Alhaji ní. Kò sí ẹni tó bá a yọ̀.

Ní ìta, ó na ọwọ́ sí aṣọ náà. Kò ní ìlà Àgùàlà kankan mọ́, ara aṣọ yẹn nìkan ló ti lè wò ó tún un fà. Ṣùgbọ́n Afua ti ká a sínú báàgì, ó sì fa síìpù.

"Tèmi ni," Afua ní. "Ẹ̀yin lẹ fún mi, níwájú èrò. Bí ẹ bá fẹ́ fà á wò, ẹ wá sí Ashaiman, ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ pè mí. Ẹ ti mọ orúkọ mi báyìí."

Ó wọ ọkọ̀ akérò tírótírò tó ń lọ sí Lapaz, nítorí pé ó fẹ́ kó bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú ọkọ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, ó sì ti gbé báàgì sórí rẹ̀. Méètì, ẹni tó ń gba owó ọkọ̀, ń pariwo pé kí ìyá wọlé tàbí kó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Tàíbátù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀.

"Afua," ó ní, "jọ̀ọ́, bá mi gbé báàgì rẹ."

Afua gbé e sórí itan. Kò wo ojú rẹ̀ títí wọ́n fi dé Lapaz.